Ṣé inú jùjú ni fújì ti jáde?

Òǹkàwé kan kọ̀wé béèrè báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní inú jùjú ni fújì ti jáde, pé ṣe ni Barrister olórin fújì kàn yọ gìtá kúrò nínú jùjú tó sì sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè fi gbe ara mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún ní Sunny Adé ló dá jùjú sílẹ̀, èmi ní I.K. Dáíró ni. Ẹ bá wa dá a. Bí jùjú bá sì jẹ́ bàbá fún fújì lóòótọ́, kí ló dé tí bàbá fi dákẹ́ tí ọmọ ṣì ń ké?"

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò ńlẹ̀. Lórí ẹni tó dá jùjú sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. Ọdún 1946 ni wọ́n bí Sunny Adé. Ní ọdún 1936, nígbà tó ṣì ku ọdún mẹ́wàá kí wọ́n bí i, Túndé King ti ń kọ jùjú sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone l'Ékòó. Dáíró, tí wọ́n bí ní 1930, ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Iṣẹ́ tí Dáíró ṣe tóbi, a máa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbẹ́ kànga náà. Ó bá omi níbẹ̀ ni, ó sì wà á jìn sí i. Lórí ti fújì, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ òótọ́ ju ẹ̀gbọ́n yín lọ. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni jùjú àti fújì. Ọ̀kan kọjú sí gìtá àti orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì kọjú sí ìlù àti ohùn kéwú. Ohun tó tan ẹ̀gbọ́n yín ni pé ilé méjèèjì jọ ń lo àgbàlá kan: gángan, oríkì, àti òde ìnáwó níbi tí owó ti ń jáde. Ẹni tó bá dé nígbà tí èrò ti kún àgbàlá yóò rò pé ilé kan ṣoṣo ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé jùjú bẹ̀rẹ̀. Olówógbowó l'Ékòó ni àwọn Sàró pọ̀ sí, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú tí wọ́n gba Sierra Leone wálé. Pópó Àgùdà ni àwọn tó ti Brazil dé wà, pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà àti ìlù tiwọn. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà a máa sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté tàwọn ti gìtá, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń ta á: ìka méjì péré, àtàǹpàkò fún okùn ohùn ìsàlẹ̀, ìka tó tẹ̀ lé e fún orin gan-an. Ìtagìtá oníka méjì yìí ló wọ ilé ẹlẹ́mu. Àṣíkò ti wà nílẹ̀ kó tó dé, ìyẹn orin ijó tí àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ń lù pẹ̀lú ìlù onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní sáńbà. Iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà ni férémù ìlù náà, ayùn káfíńtà tí wọ́n ń ha sì wà lára ohun èlò orin. Túndé King kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ẹni mẹ́ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n di mẹ́rin: òun pẹ̀lú gìtá-bánjò olókùn mẹ́fà, ẹnìkan nídìí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnìkan nídìí ìlù pẹlẹbẹ kékeré tí páánù wínníwínní ń dún létí rẹ̀, àti ẹni tó ń gbè é. Ìlù pẹlẹbẹ yẹn ni jùjú.

Orúkọ yẹn ti fa àríyànjiyàn tirẹ̀. Àwọn kan ní òyìnbó ló ń pe gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú ní "juju", pé ìwọ̀sí ni a sọ di orúkọ. Àlàyé kejì ni pé ẹni tó ń lu ìlù pẹlẹbẹ náà fún King máa ń jù ú sókè, á hán an, á tún jù ú, ni àwọn èrò bá ń pariwo "jù ú, jù ú". Èyí kejì ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé orúkọ ìlù ló di orúkọ orin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún sákárà àti àpàlà náà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èyí tó dájú ni pé orin náà kò bá oògùn tan.

Kí ẹ má sì rò pé nígbà tí mo ní jùjú kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní Kristẹni nìkan ló ń kọ ọ́. Túndé King fúnra rẹ̀, Abdulrafiu ni orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀. Bí a ṣe ń to ohùn pọ̀ ni mò ń sọ, kì í ṣe ẹ̀sìn ẹni tó ń kọrin.

Ibi tó yẹ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí yín wà. Kí ló dé tí King fi yan gìtá-bánjò tó fi gìtá lásán sílẹ̀? Ariwo ni. Awọ ni wọ́n fi bo ikùn bánjò bíi ti ìlù, nítorí náà ohùn rẹ̀ máa ń ta jáde ju ti gìtá onígi lọ. Ibi tí ogún ènìyàn ti ń mu ẹmu tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, gìtá onígi kò lè là wọ́n já. Àyìndé Bákárè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo ní 1937, lo irú bánjò kékeré olókùn mẹ́rin fún ìdí kan náà. Pẹ̀lú bánjò náà, bí ẹ bá gbé gángan kan ṣoṣo sí yàrá yẹn, ẹ ò ní gbọ́ okùn mọ́. Ìdí rèé tí kò fi sí gángan nínú jùjú àkọ́kọ́. Ó di nǹkan bí ọdún 1948 kí Àkànbí Wright, tí wọ́n ń pè ní Àkànbí Ègè, tó gbé gángan wọ inú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bákárè so gìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Àrà méjèèjì gbé ara wọn dìde. Bí iná mànàmáná ti ń gbé ohùn gìtá sókè, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù kan, lẹ́yìn náà fún méjì, fún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin di mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, nígbà tó sì máa di ìgbà Ebenezer Obey àti Sunny Adé, ó ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìṣòro mìíràn bá a wọlé. Gìtá ní ohùn tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀. Gángan kò ní, bí onílù bá ṣe fún ọṣán pọ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ ni yóò ṣe dún. Bí òjò bá rọ̀, awọ á dẹ̀, ohùn gángan á sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ohùn tí gìtá wà, gbogbo orin á sì dà bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Onígángan tó mọ iṣẹ́ a máa yá awọ rẹ̀ sí oòrùn tàbí iná kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á sì fi etí wá ohùn okùn gìtá tó wà nísàlẹ̀ jù kó tó wọlé. Onígìtá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: tí gángan bá ń sọ̀rọ̀, kí ó dá ọwọ́ dúró tàbí kí ó bọ́ sí okùn tín-ín-rín lókè. Àwo jùjú tí kò dùn mọ́ni létí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá gbé e yẹ̀ wò: àlejò ni gángan nínú jùjú, ogún ọdún ó dín díẹ̀ ni jùjú fi wà láìsí i. Àmọ́ nínú àpàlà, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé. Àpàlà sì ni fújì ti mú ìlù, kì í ṣe jùjú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí tí wọ́n fi sọ pé jùjú bí fújì, jùjú fúnra rẹ̀ lọ yá a ní òdìkejì àgbàlá ni.

Kí n tó kọjá síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n san gbèsè Dáíró. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tó padà di Blue Spots. Ó mú àkọ́díọ́nù, dùrù àfọwọ́fà tí afẹ́fẹ́ ń fọn, wọ inú jùjú, ó sì ń ta á fúnra rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni ọ̀nà tó gbà to elégbè: ohùn méjì tàbí mẹ́ta tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ orin ìyìn ní ìjọ aládùúrà. Láti ìgbà náà, bí elégbè jùjú bá dáhùn, ohùn wọn á là sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, Ọbabìnrin ni kí n wí, ní 1963. Túndé Nightingale, tó ní ohùn tín-ín-rín bí ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ló ní tirẹ̀ sọ jùjú di orin àwọn olówó àríyá; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "òwàmbẹ̀" ti wọ ẹnu wa.

Ó tún ku bí àwo ṣe gùn tó, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nítorí náà orin King àti Bákárè kúrú: ẹsẹ, ègbè, ẹsẹ, ègbè, ó parí. Àwo kékeré oníyìípo 45 tí Dáíró fi gbajúmọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tí àwo ńlá oníyìípo 33 wá gbilẹ̀ láàárín 1970 sí 1980, ojú kan gba bí ogún ìṣẹ́jú. Obey àti Sunny Adé kò fi àlàfo kankan sí i. Wọ́n gbé gbogbo eré òde ìnáwó sínú rẹ̀, orin kan ń wọnú òmíràn, gángan ń ki olówó láàárín. Fújì dé nígbà tí àwo gígùn yìí wà lóde, òun náà sì kún ojú rẹ̀ bákan náà. Bí àwo méjì bá jọ gùn ní ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n jọ ń ki àwọn olówó, etí tí kò fara balẹ̀ á ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Àwo ló jọra, kì í ṣe orin.

Ó yá, ilé kejì. Sákárà ni àgbà níbẹ̀. Ìlù sákárà jẹ́ òrùka amọ̀ tí wọ́n sun, tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò lójú kan, tí wọ́n sì fi èèkàn igi kéékèèké fa awọ náà le yí etí rẹ̀ ká. Bí ó bá já bọ́, ó fọ́, ó tán. Ó ní igbá tí wọ́n ń lù, ó sì ní gòjé, olókùn kan tí wọ́n ń fi ọrun rẹ́, tó ń tẹ̀ lé ohùn akọrin bí òjìji. Abíbù Olúwa ni gbajúmọ̀ rẹ̀ l'Ékòó ṣáájú ogun Hitler. Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbàá, ló gbé e dé ìgbà wa títí tó fi kú ní 1978. Sákárà kì í yára. Ohùn á fà, á lọ́, á yí po, bí ẹni tó ń ka kéwú.

Àpàlà yára jù ú lọ. Agídìgbo ló ń mú ohùn ìsàlẹ̀ dípò gìtá: àpótí pákó tó ní irin pẹlẹbẹ mélòó kan lójú, tí wọ́n ń fi ìka ta. Ìlù àpàlà tó dà bí gángan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló kù. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948, kò tà. Ní 1971 ló ṣe "Oroki Social Club" fún Decca, tó tà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò lérò. Ó jókòó kọrin ni, kò jó, kò fò, kò sì jẹ́ kí gìtá wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1983. Àyìnlá Ọmọwúrà l'Ábẹ́òkúta, tó kú ní 1980, sọ àpàlà di orin ìgboro, pẹ̀lú èébú àti òwe tó ń ta bí ata. Síbẹ̀ ilé méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá: Hárúnà àti Dáíró ló jọ dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ ní 1969, alápàlà kan àti oníjùjú kan, kí owó lè kúrò lọ́wọ́ òyìnbó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń kọrin.

Wéré ni ìyá fújì gan-an. Nínú oṣù Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ a máa rìn ní òru láti jí àwọn tó fẹ́ jẹ sààrì. Ìlù tí wọ́n lè gbé rìn ni wọ́n ń lò, kò síná, kò sókùn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá la ògiri já kò ní jí ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí ohùn wéré fi le, tó ń gba imú jáde, tó sì ń lọ́ bí ìpè àdúrà. Bí Ramadan bá ń parí, wọ́n a máa figagbága. Inú èyí ni Sikiru Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, ti dàgbà. Ó wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé nígbà ogun abẹ́lé, ó jáde, ó sì fi gbogbo ara wọ orin. Ìṣòro tó bá pàdé rọrùn láti rí: oṣù kan péré ni wéré ní lọ́dún. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ohùn wéré, ó gbé e sórí ìlù àpàlà, ó fi sákárà dì í, ó sì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ààwẹ̀ kí wọ́n lè jó o nígbà ìkómọ àti ìsìnkú. Orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tó rí lára páálí ìpolówó ní pápákọ̀ òfurufú ló fún un, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ. Kò yọ gìtá kúrò níbì kankan, nítorí gìtá kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N'Íbàdàn, Dáúdà Ẹ̀pọ̀ Àkàrà mú wéré kan náà gba ọ̀nà mìíràn, ó pè é ní àwúrèbe. Kollington Àyìnlá fi bàtá kún fújì, Wàsíù Àyìndé mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú "Talazo '84".

Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣì í pátápátá o. Fújì yá nǹkan lọ́wọ́ jùjú: bí a ṣe ń to orúkọ àwọn olówó léra lórí àwo, bí ẹgbẹ́ ṣe ń wọ aṣọ kan náà, kíbọ́ọ̀dù àti ìlù òyìnbó nígbà tó yá. Àmọ́ ẹ̀bùn náà tún padà. Nígbà tí Ṣínà Peters gbé "Ace" jáde ní 1989, tí gbogbo ìlú ń fò, eré ìlù fújì ló fi sí abẹ́ gìtá jùjú. Tí ọmọ bá ń bọ́ bàbá, ta ni bàbá?

Ní ti pé kí ló dé tí jùjú fi dákẹ́, a ní láti kọ́kọ́ mọ bó ṣe gorí ìtẹ́. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, háíláìfù tó ti Gánà wá ló ń jọba ní hòtẹ́ẹ̀lì Èkó: Bobby Benson, Victor Ọláìyá, Rex Lawson. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọn fèrè fún wọn jẹ́ ọmọ apá ìlà-oòrùn; ogun dé, wọ́n tú ká. Jùjú bọ́ sí àyè tó ṣófo. Owó epo rọ̀bì tẹ̀ lé e, owó Udoji tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ ní 1975 tẹ̀ lé e, òde ìnáwó wá di ojoojúmọ́. Lọ́dún 1982, ilé-iṣẹ́ Island ní London gbé àwo Sunny Adé jáde, gbogbo ayé gbọ́ gìtá Hawaii tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Orí òkè rèé.

Ọdún 1986 ni SAP, ètò tí ìjọba fi ń tún ọrọ̀ ajé tò, dé, náírà sì wó. Ẹgbẹ́ jùjú nílò gìtá mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn tó ń já tí a gbọ́dọ̀ máa rà, jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé gbogbo rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ti òkè òkun wá. Ìlù fújì, agbẹ́gilére ló ń gbẹ́ ẹ, aláwọ ló ń bò ó, bí ó bá ya, a ó tún un ṣe nílé. Àwọn tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ láìgbàṣẹ pa owó àwo ńlá, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń sanwó sítúdíò. Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀wọ́n nǹkan èlò ló pa jùjú. Mi ò gbà pé ó tán síbẹ̀, nítorí fújì náà ra kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá nígbà tó yá, kò sì kú. Èrò tèmi ni pé ibi tí ọmọ tuntun ti ń jáde ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ ọdún méjìlá tó ní ohùn lè bẹ̀rẹ̀ fújì lójú pópó lónìí pẹ̀lú ìlù kan. Oníjùjú gbọ́dọ̀ kọ́ gìtá fún ọdún mélòó kan lábẹ́ ọ̀gá tó ní gìtá. Ibi tí ọ̀dọ́ ti ń rí gìtá, ìlù òyìnbó àti kíbọ́ọ̀dù tó dára lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀ṣì ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí.

Nítorí náà "dákẹ́" kò tọ́ sí i tán. Obey fúnra rẹ̀ di ajíhìnrere. Túngba tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ń kọ, bí ẹ bá bọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn kúrò lára rẹ̀, egungun jùjú lẹ máa bá. Ní òde ìnáwó ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ jùjú ṣì ń ṣeré láti alẹ́ mọ́jú. Orí rédíò ló ti kúrò, látìgbà tí rédíò aládàáni dé láàárín ọdún 1990 sí 2000 tí wọ́n ń wá orin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ ò lè gé orin ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́rin kó má ṣẹ̀jẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì kó Fẹlá mọ́ ọn: Afrobeat tirẹ̀ àti ti Tony Allen tó ń lu ìlù, láti inú háíláìfù àti jáàsì ló ti jáde ní ìparí ọdún 1960 sí 1970, ilé kẹta ni. Orin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Afrobeats lónìí sún mọ́ fújì ìgboro nínú ohùn ju bó ti sún mọ́ Fẹlá lọ, pàápàá ti Ọlámidé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi etí yín dá a, ọ̀nà tó rọrùn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi etí wá okùn. Bí gìtá bá ń ta láti ìbẹ̀rẹ̀, jùjú tàbí háíláìfù ni. Bí fèrè ńlá bá ṣíwájú, háíláìfù. Bí okùn kan ṣoṣo bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin, gòjé nìyẹn, sákárà ni. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ń dún "dùm-dùm" gbígbẹ bí igi tí kò fà, agídìgbo ni, àpàlà ni. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ dúró de elégbè. Bí gbogbo wọn bá ń gbè é lóhùn kan ṣoṣo, ilé kejì ni. Bí ohùn bá là sí méjì, ilé jùjú ni. Ìdánwò yìí ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwo tó jáde kó tó di 1985. Fún èyí tó jáde lẹ́yìn 1990, ó lè tàn yín, nítorí kíbọ́ọ̀dù ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ nínú ilé méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé e sórí, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Àwo 78 tí wọ́n gbà sílẹ̀ pẹ̀lú ìyípo tí kò tọ́ máa ń sọ ohùn àgbà di ti ọmọdé, gángan á sì máa sáré sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lóye. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù, tí gbogbo rẹ̀ ń sáré, ẹ fura sí ìyípo kí ẹ tó bú onílù.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má bá wọn jiyàn mọ́. Ẹ fi "Oroki Social Club" Hárúnà sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi àwo Barrister kan tó jáde ṣáájú 1980 tẹ̀ lé e, ẹ má dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wá fi Obey ìgbà kan náà ṣe ẹ̀kẹta, kí ẹ sì bi wọ́n pé èwo nínú méjì ìkẹyìn ló jọ Hárúnà.